Ìdí mọ́tò tó ń sáré: bí ẹ ṣe lè tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn BMW E46 ṣe ní Abẹ́òkúta

Aṣerò ni mò ń gbé, Òkè-Mọ́sàn ni iṣẹ́ mi wà, BMW 330i ni mo sì ń gbé lọ gbé bọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. E46 ni (orúkọ tí BMW fún ìran mọ́tò náà), ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.0, agbára ẹṣin 231. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò yọ mí lẹ́nu rí. Ìdí mọ́tò ni wàhálà. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìlewó tí mo tẹ búréèkì díẹ̀, tí táyà ẹ̀yìn kan wá ṣèèṣì wọ kòtò, ìdí á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sẹ́yìn tó ń bá mi wa ọkọ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: "Dádì Ayọ̀, mọ́tò yìí ń jó bàtá o."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kìíní, mo bà á jẹ́. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ní Golf GTI tí wọ́n ń pè ní Mk5 náà lè rí nǹkan mú níbẹ̀, nítorí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn tirẹ̀ náà kì í gbé ojú kan. Ṣùgbọ́n iye agbára tí mo máa dárúkọ fún dídè nọ́ọ̀tì, ti E46 ni o. Ẹ má gbé e lọ sára ọkọ̀ míì.

Ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀

Sípíríǹgì ẹ̀yìn jókòó lórí àámù (apá irin) kan, orí rẹ̀ sì ti ilẹ̀ mọ́tò. Ṣọ́ọ̀kì dá dúró ní tirẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára trailing arm, orí rẹ̀ wà nínú búùtù, lẹ́yìn kápẹ́ẹ̀tì. Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ló ń sọ fún sípíríǹgì pé ó tó gẹ́ẹ́, má fò mọ́. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ń fò lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn bọ́ǹpù kan ṣoṣo, tó wá lọ ra sípíríǹgì tuntun, ó ti fi owó rẹ̀ ra oògùn àìsàn ẹlòmíràn.

Trailing arm ni irin gígùn tó di táyà ẹ̀yìn mú láti iwájú. Búṣì rọ́bà ńlá kan, tó wà nínú ilé irin kan tí bóòtù mẹ́ta dè mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, ló so ó mọ́ ara ọkọ̀. Búṣì yìí ni olórí ọ̀rọ̀. Tó bá ti gbó, táyà ẹ̀yìn á máa yí ojú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì tàbí tẹ́ ẹ bá ṣẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù (ìtẹ̀ iná mọ́tò). Bàtá tí ìyàwó mi rí nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ọwọ́ tẹ búùtù mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá á fò. Ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ìdajì ṣì lè yege ìdánwò yẹn. Ẹ wá òróró lára rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ìró: tó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nínú búùtù lórí gálọ́ọ̀pù wẹ́wẹ́, máńtíǹgì orí ṣọ́ọ̀kì ló ti lọ, irin ló ń bá irin jà. Tó bá jẹ́ pé gbàù kan ṣoṣo lẹ máa ń gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ti rìfáàsì bọ́ sí jíà iwájú, ẹ wo àwọn búṣì ńlá mẹ́rin tó so férémù ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Táyà tó ń jẹ láti inú nìkan, tí òde rẹ̀ ṣì dúdú minimini, ó ń wí fún yín pé sípíríǹgì ti wálẹ̀ tàbí pé àlàímẹ́ńtì ti yẹ̀.

Ẹ má fo èyí tó kàn yìí. Ilẹ̀ E46 máa ń sán ní ojú ibi mẹ́rin tí férémù ẹ̀yìn so mọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò, ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìdọ̀tí kúrò, nítorí ẹrẹ̀ àti ọ̀dà dúdú máa ń bo ojú ìlà tín-ínrín. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, ẹ dá gbogbo rírà dúró. Panẹ́lìbítà tó mọ wẹ́ẹ̀dà ló kàn. Bí ẹ bá lọ fi ṣọ́ọ̀kì tó le àti búṣì tó le sábẹ́ ilẹ̀ tó ti ya, ńṣe lẹ máa jẹ́ kó ya sí i.

Bí owó ṣe yẹ kó jáde

Lójú tèmi, búṣì trailing arm méjèèjì ni ìkínní. Máńtíǹgì ṣọ́ọ̀kì àti líńkéèjì (ọ̀pá kékeré tó so apá táyà mọ́ irin tó ń dín títẹ̀ mọ́tò kù) ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀kì. Sípíríǹgì ló kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa máa ń ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀: wọ́n á ra sípíríǹgì kúkúrú, mọ́tò á ba sílẹ̀ bí ọ̀nì, á rẹwà níwájú hòtẹ́ẹ̀lì, tó bá wá dé bọ́ǹpù ẹnu géètì ilé wọn, gbàràrà lẹ máa gbọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, Sachs wà fún ẹni tó kàn fẹ́ kó rí bó ṣe rí nígbà tó jáde ní Jámánì. Nínú ti Bilstein, B4 dà bí ti ilé iṣẹ́. B6 le ju ìyẹn lọ, gíga ti ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. B8 ni èyí tí wọ́n gé kúrú fún mọ́tò tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má da B6 pọ̀ mọ́ sípíríǹgì tó kúrú gan-an, nítorí ọ̀pá rẹ̀ kò ní rí àyè rìn. B6 àti B8 jẹ́ alágbá kan: òróró àti gáàsì tó ní agbára wà nínú páìpù kan ṣoṣo, písítìnì kékeré kan ló dá wọn sọ́tọ̀. Láti ọdún 1957 ni Bilstein ti ń ṣe irú rẹ̀ fún mọ́tò ìgboro, Mercedes-Benz ló sì kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Àǹfààní ẹ̀ ni pé kì í tètè rẹ̀ ẹ́ tí ọ̀nà bá ń gbá a léraléra, irú ọ̀nà tí àwa ń rìn.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà ní Ládípọ̀, ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára yín lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Alágbá kan tó ṣì yè á jáde padà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìdúró. Èyí tó bá jókòó síbẹ̀ tó ń wò yín, gáàsì rẹ̀ ti lọ. Ẹ kí ẹni náà kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

B6 ni mo rà, mo sì fi sípíríǹgì tuntun tó ga bíi ti àtẹ̀yìnwá sí i. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi wà ní Èkó, kò sì sí ìgbà tí mo ń lọ kí wọn tí mi ò di àpò láfún méjì sí búùtù. Mọ́tò tó ti balẹ̀ kí ẹrù tó dé inú rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ gba Ìfọ̀ kọjá? Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́, ẹ má ju 15 mm lọ.

Búṣì wá ńkọ́? Àwọn kan ń ta polyurethane, ike líle kan tí wọ́n ń lò dípò rọ́bà. Ó ń pẹ́ lóòótọ́, ó sì le, ṣùgbọ́n búṣì yìí kì í yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ó tún máa ń fì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Polyurethane ò fẹ́ràn ìyẹn, tí gíríìsì bá sì ti gbẹ lára rẹ̀, á máa ké bí eku. Rọ́bà ti ilé iṣẹ́ Lemförder ni mo fi sí i, mo wá fi àwo pẹlẹbẹ líle kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà fì kọjá àyè rẹ̀. Limiter ni wọ́n ń pe àwo náà, owó pọ́ọ́kú ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ má gbàgbé rọ́bà tí sípíríǹgì ń jókòó lé lókè àti nísàlẹ̀. Ti àtijọ́ máa ń ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Kí mọ́tò tó gòkè

Ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ fọ́n WD-40 sí gbogbo nọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ máa tú. Lẹ́yìn náà, ẹ wa mọ́tò sórí kòtò mẹkáníìkì, kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wọlé sábẹ́ pẹ̀lú kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó yín. Pupa ni kó jẹ́. Ẹ fa ìlà kan tó gba ara ilé irin búṣì kọjá sórí trailing arm, kí ìlà náà gùn, kó sì tọ́. Ẹ tún fa òmíràn yí etí ilé irin náà ká lára ilẹ̀ mọ́tò. Ìlà kìíní ló máa sọ igun tí búṣì gbọ́dọ̀ wà nígbà tí mọ́tò bá dúró. Ìlà kejì ló máa sọ ibi tí táyà kọjú sí, nítorí ihò bóòtù ilé irin yẹn gùn, wọ́n ń fi í ṣe àlàímẹ́ńtì ni. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì. Mo máa padà sórí ìlà kìíní yìí.

(Bó bá jẹ́ pé sípíríǹgì tuntun máa yí gíga mọ́tò padà, ẹ fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì sí i ná, ẹ fi í rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó fa ìlà yìí kí ẹ sì fọwọ́ kan búṣì.)

Ẹ wá ibi tó tẹ́jú. Mo mọ̀ pé ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, òkè ló pọ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ wá a. Ẹ fi òkúta tàbí igi di táyà iwájú níwá lẹ́yìn, kó le dáadáa. Háńdìbúréèkì ò ní gbà yín sílẹ̀ o: táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú, táyà ẹ̀yìn náà lẹ sì fẹ́ gbé sókè. Ẹ gbé mọ́tò lé jáàkì sítáǹdì méjì. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì

Ẹ tú líńkéèjì ọ̀tún àti òsì, kí apá méjèèjì lè rìn bó ṣe wù wọ́n. Ẹ fi jáàkì gbé abẹ́ trailing arm díẹ̀, kó kàn gba ìwúwo rẹ̀. Ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ẹ lọ sínú búùtù, ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí nọ́ọ̀tì kékeré méjì. Ẹ ní kí ọmọṣẹ́ di ṣọ́ọ̀kì mú nísàlẹ̀ kí ẹ tó tú èkejì. Kí ẹ tó yọ máńtíǹgì kúrò lórí ọ̀pá, ẹ ya fọ́tò bí wáṣà ṣe tò, ọ̀kan lórí èkejì. Máńtíǹgì tuntun, rọ́bà ìdíwọ̀n (èyí tí kì í jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì gbá irin) tuntun, nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ wá sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Apá á wálẹ̀, sípíríǹgì á sì tú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ àámù mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ yọ ọ́ jáde. Kò nílò irin ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń lò fún iwájú. Àmọ́ ẹ máa wo rọ́bà okùn búréèkì, wáyà ABS, àti ti sẹ́ńsọ̀ búréèkì páàdì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn. Wọn ò gbọ́dọ̀ le bí okùn gìtá. Ẹ wo ṣáàfù náà kí rọ́bà rẹ̀ má fàya. Tí ẹ bá ń dá sípíríǹgì tuntun padà, ẹ yí i títí orí rẹ̀ á fi bọ́ sínú àyè tí wọ́n gbẹ́ sára rọ́bà ìjókòó rẹ̀. Èyí tí kò bá bọ́ síbẹ̀ á bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìró tó máa dún á sì já yín láyà.

Ẹ ti bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì tuntun wọlé, ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì dè é.

Búṣì trailing arm, àti ibi tí mo ti ṣìṣe

Ẹ tú bóòtù mẹ́ta tó di ilé irin náà, iwájú trailing arm á wálẹ̀. Ẹ tú bóòtù gígùn tó gba àárín búṣì kọjá, ilé irin á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ó ku búṣì nínú ihò rẹ̀, kò sì ní fẹ́ jáde. Mẹkáníìkì kan fẹ́ fi iná sun ún jáde fún mi, mo kọ̀ fún un. Ibẹ̀ ò jìnnà sí táńkì epo. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ìfàyọ, ẹ wá ọ̀pá oníṣíkúrù tó nípọn, nọ́ọ̀tì méjì, wáṣà ńlá, páìpù irin tó fẹ̀ ju búṣì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré jù ú lọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ máa fún un pẹ̀lú sípánà, á sì máa rọra wọ inú páìpù. Ọ̀nà yẹn náà lẹ máa fi fa tuntun wọlé. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi pa á lára, ẹ má lo òróró tàbí gíríìsì lára rọ́bà. Ọṣẹ dúdú ni mo lò. Ó wọlé wọ̀ọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ títí dé ibí. Mo wá to ilé irin sára búṣì bó ṣe wù mí, mo dè é pinpin, mo gbé e padà, mo dè gbogbo yòókù nígbà tí táyà ṣì so rọ̀ lókè. Inú mi dùn. Oṣù kan, mọ́tò ń lọ bí ejò. Oṣù márùn-ún, bàtá ti padà dé. Mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́ńwá. Wọ́n wọ kòtò, wọ́n fi ìka kan wọ́ rọ́bà tó ti ya kúrò lára irin, wọ́n ní:

"Ẹ̀yin ọ̀gá, níbo ni ẹsẹ̀ mọ́tò wà nígbà tí wọ́n dè é?"

"Ó wà lókè, bàbá. Orí sítáǹdì ni."

"Ẹ ti fún rọ́bà lọ́rùn kó tó jáde nílé nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Rọ́bà inú búṣì lẹ̀ mọ́ irin òde, ó tún lẹ̀ mọ́ irin inú. Nígbà tẹ́ ẹ bá de bóòtù àárín, irin inú kò lè yí mọ́. Rọ́bà nìkan ló kù tó máa lọ́. Ibi tí apá wà lásìkò tẹ́ ẹ dè é ni rọ́bà á máa pè ní ilé. Tó bá jẹ́ pé lókè ló ti mọ ilé, ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró lórí ilẹ̀, rọ́bà á wà ní lílọ́, bí aṣọ tí èèyàn fún tí kò tú. Kòtò kọ̀ọ̀kan tún ń lọ́ ọ sí i. Á ya ni.

Ìdí nìyí tí ẹ fi fa ìlà kútẹ́ẹ̀sì. Ẹ to ilé irin sára búṣì tuntun títí ìlà méjèèjì á fi bá ara wọn mu, ẹ fi limiter sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ tó wá de bóòtù àárín ní 110 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń dè nọ́ọ̀tì). Nísàlẹ̀ níbẹ̀ lẹ ti máa dè é, kí ẹ tó gbé apá padà sókè. Bóòtù mẹ́ta tó di ilé irin mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, 77 Nm ni, lórí ìlà kejì gẹ́lẹ́.

Dídè ìkẹyìn

Gbogbo bóòtù yòókù tó bá gba inú rọ́bà kọjá, mọ́tò gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dè é. Ẹ dá táyà padà, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ wà á sórí kòtò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí kò bá sí kòtò, pákó nínípọn méjì méjì lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan á fún yín láyè láti rá wọlé. Ẹ mi búùtù lẹ́ẹ̀mẹta kí sípíríǹgì lè jókòó. Bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, 100 Nm. Bóòtù táyà, 120 Nm, kẹ́ ẹ sì fi tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì (sípánà tó ń wọn agbára ìdè) dè é. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá a. Nọ́ọ̀tì kékeré inú búùtù ò fẹ́ agbára rárá, wọ́n máa ń já.

Àlàímẹ́ńtì

Ọ̀pọ̀ ibi ní ìgboro, táyà iwájú nìkan ni wọ́n máa ń tò. E46 ní ibi tí wọ́n ti ń tún ti ẹ̀yìn náà ṣe, ojú tí táyà kọ sí àti bó ṣe dagun, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé bóyá ẹ̀rọ wọn ń ka ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. BMW fẹ́ kí ẹrù wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n: kílò 68 lórí ìjókòó iwájú kọ̀ọ̀kan, 68 láàárín ìjókòó ẹ̀yìn, 21 nínú búùtù, kí táńkì sì kún. Èmi jókòó síwájú, mo mú àbúrò mi méjì dání, mo gbé láfún ìyá mi sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí bí nọ́ńbà orí kọ̀ǹpútà ṣe yí padà lẹ́yìn tí a jókòó, ó dákẹ́ ẹ̀rín.

Ẹ fi mọ́tò rìn ní ìgboro ná, Ìbarà sí Pánṣẹ́kẹ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí rédíò wà ní pípa. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ mú ọ̀nà Ṣàgámù, ẹ wá ibi tó dán tí kò sí èrò, ẹ ṣẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kí ẹ sì rọra tẹ búréèkì. Ìdí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé iwájú láìjiyàn. Lẹ́yìn kìlómítà 100, ẹ padà sórí kòtò pẹ̀lú tọ́ọ̀kì rẹ́ńṣì, kí ẹ kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kejì tèmi, líńkéèjì ọwọ́ òsì nìkan ló fẹ́ ìdajì yíyí.